Ogójì ẹgbẹ̀rún sẹ́fà lórí ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́: bí mo ṣe wá orúkọ bàbá wa tí Faransé mú lọ sójú ogun

Ogójì ẹgbẹ̀rún sẹ́fà ni mo san kí n tó mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni. Òun ni mo kọ́kọ́ sọ yìí, torí ó ṣì ń dùn mí.

A fẹ́ gbé òkúta ìrántí kan sí ojúde ilé wa ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, fún ẹ̀gbọ́n bàbá bàbá mi, ẹni tí àwọn Faransé mú lọ sójú ogun ní 1916 tí kò padà wálé mọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ fún wa láti kékeré ni pé ìbọn Jámánì ló pa á. Ẹbí ní èmi tí mò ń gbé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni kí n lọ wá ìwé rẹ̀ jáde. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà létí ọjà ní òun lẹ́nìkan ní Paris tó máa bá wa ṣe é. Mo sanwó. Oṣù mẹ́ta kọjá kó tó gbé bébà kan fún mi, ó ti fi ọ̀rá bò ó, ó ń dán gbinrin. Mo gba Pobè lọ Kétu, àyà mi yọ síta.

Ìyá wa, àbúrò bàbá mi obìnrin, tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ní kí n kà á sókè. Mo kà á dé ibi tí wọ́n ti bí i: Soudan, ìyẹn Màlì òde òní. Ìyá wò mí títí. "Ìgbà wo la di ará Màlì?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kọ̀ǹpútà yẹn ò gbé fóònù mi mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ilé ìwé lásán, ló sọ fún mi pé ilé iṣẹ́ ológun Faransé ti kó ìwé àwọn tó kú nínú ogun 1914 sí 1918 sórí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí ìkànnì tí wọ́n ń pè ní Mémoire des hommes. Ìwé náà lé ní mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọn ò sì gba kọ́bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣí i, ẹ mọ̀ ọ́n, n ò ní fi ìyẹn yọ yín lẹ́nu.

Orúkọ ló fẹ́ pa mí. Mo tẹ orúkọ ìdílé wa, èyí tó wà lórí káàdì gbogbo wa. Òfo. Mo yọ lẹ́tà kan, mo fi òmíràn sí i. Òfo. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń ra mégà lóru, mo sì ti ń rò ó pé bóyá ìtàn tí wọ́n sọ fún wa ò tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo pe Ìyá láti ṣàròyé ló wá bi mí pé, "Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn? Bàbá tó bí mi ló ni orúkọ tí ẹ̀ ń jẹ́ yẹn. Ìdòwú ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀yìn ìbejì ni wọ́n bí i."

Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní orúkọ ìdílé ní Kétu ní 1916. Akọ̀wé òyìnbó béèrè orúkọ, ọmọkùnrin náà dárúkọ ara rẹ̀, ó parí. Orúkọ àbúrò tó kù nílé ni ìwé wá sọ di ti gbogbo wa lẹ́yìn náà. Bí mo bá tún máa ṣe é, iwájú Ìyá ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, n ò ní fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.

Ìyẹn ò tíì tán o. Mo tẹ Idowu, kò sí. Mo gbàgbé pé etí Faransé ni wọ́n fi gbọ́ ọ, ọwọ́ Faransé ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ẹ wo káàdì ọ̀rẹ́ yín: Ògún di Ogou, Ṣọlá di Chola. Mo tẹ Idowou, mo tẹ Idohou, mo tẹ Hidou. Ní alẹ́ kẹrin, mo tẹ Idoou, ó sì yọjú. Kétou, Dahomey, orúkọ tí Benin ń jẹ́ nígbà yẹn. Wọ́n ní wọ́n bí i "vers 1895", èyí tó túmọ̀ sí pé ojú ni akọ̀wé fi wọn ọjọ́ orí rẹ̀. Mo kígbe débi tí onílé mi fi kanlẹ̀kùn.

Ìbọn kọ́ ló pa á. Òtútù àyà ni, ní January 1917, ní àgọ́ Courneau lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Arcachon ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n kó àwọn sójà wa sí ní ìgbà òtútù. Ó lé ní 900 lára wọn tó sùn sí ibojì Natus níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ó kú fún Faransé, oyè tí òfin 1915 dá sílẹ̀. Nǹkan bí 200,000 aláwọ̀ dúdú ọmọ Áfíríkà ni Faransé kó jọ fún ogun yẹn, nǹkan bí 30,000 ò padà. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn wa fẹ́ lọ: àwọn Ọ̀họ̀rí, Yorùbá ìhà Pobè, dìde ogun sí Faransé lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Kétu sì sá gba ẹnubodè lọ sí ìhà Mẹ́kọ ní Nàìjíríà, lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá ní Ìdòwú ò sá torí pé ẹ̀gbọ́n ni, ó ní bí òun bá sá, àbúrò ni wọ́n máa mú.

Bí mo ṣe ń wá kiri ni mo ka ti ère ìlú Reims ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1924 ni wọ́n gbé e kalẹ̀ fún àwọn sójà aláwọ̀ dúdú, sójà mẹ́rin yí ọ̀gá òyìnbó kan tó gbé àsíá ká. Ìkejì rẹ̀ wà ní Bamako títí dòní. Àwọn Jámánì wó ti Reims ní 1940, ó sì di 2018 kí wọ́n tó ṣí ẹ̀dà rẹ̀ ní Reims. Tiwa ní Kétu, oṣù márùn-ún péré!

Bí kì í bá ṣe ti agbẹ́kùúta, mi ò bá ní ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní 25,000 ni òkúta, ṣùgbọ́n 500 ni àmì ohùn kọ̀ọ̀kan. Ìdòwú ní mẹ́ta. Mo bá a fà á títí, mo san 1,500 náà, torí n ò ní jẹ́ kí wọ́n tún kọ orúkọ bàbá yìí bó ṣe wù wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí mo lọ gbé e, ó ti fi àmì kan sábẹ́ o: ÌDỌ̀WÚ. Mo pariwo. Ó ní kí n má bínú, òun ò gbowó ìyẹn, ènì ni.

Ó fẹ́ gba 3,000 láti dí i. Mo fi símẹ́ǹtì funfun dí i fúnra mi. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ óò rí i.