Bí A Ṣe Ń Fi Jínóòmù Adìẹ Wé Ti Ènìyàn

Lẹ́tà mẹ́rin, A, C, G àti T, ni a fi ń kọ DNA, èròjà tó ń gbé àbùdá ẹ̀dá, sílẹ̀. Bí a bá ka iye G àti C inú jínóòmù kan (ìyẹn gbogbo DNA ẹ̀dá kan), tí a sì fi wé iye gbogbo lẹ́tà rẹ̀, a ó rí òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń pè ní GC. Òun ni a ó fi wo ohun tí ẹranko afọ́mọlọ́mú àti ẹyẹ ṣì fi jọra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní 300 mílíọ̀nù ọdún tí ìran wọn ti pínyà.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ gba fáìlì FASTA (fáìlì tí a to lẹ́tà DNA sí) ti jínóòmù méjèèjì lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Ensembl, ojúlé tí a kó jínóòmù ẹ̀dá jọ sí. Ti ènìyàn tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 lẹ́tà. Ti adìẹ lé díẹ̀ ní bílíọ̀nù 1.

Kí ẹ tó ṣírò, ẹ yọ lẹ́tà N kúrò, nítorí ibi tí a kò tíì rí kà ni ó dúró fún, bí ẹ bá sì kà á mọ́ àpapọ̀, GC yóò kéré ju bó ti yẹ lọ. Lẹ́tà kékeré jẹ́ àmì DNA alátùúnwí. Ẹ kà á pẹ̀lú lẹ́tà ńlá.

Ẹ ó rí nǹkan bí ìdá 41 nínú 100 fún ènìyàn, àti nǹkan bíi 42 fún adìẹ. Ẹ má ṣe dúró síbẹ̀, nítorí iye kan ṣoṣo yìí bo ohun tó ṣe pàtàkì jù mọ́lẹ̀. Ẹ gé krómósómù kọ̀ọ̀kan (àwọn okùn DNA tí jínóòmù pín sí) sí abala oní-lẹ́tà 100,000, kí ẹ ṣírò GC abala kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì yà á sórí àwòrán atọ́ka. Ibí gan-an ni iṣẹ́ náà ti ń dùn: ẹ ó rí àwọn àgbègbè gígùn tí GC wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, irú èyí tí Giorgio Bernardi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwárí ní àwọn ọdún 1970, tí wọ́n sì pè ní isochore. Nínú ẹ̀dá méjèèjì, àgbègbè tí GC rẹ̀ ga kò pọ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni jíìnì (apá DNA tó ń gbé ìtọ́ni fún ara) ti pọ̀ jù. Krómósómù 19 ènìyàn wà ní nǹkan bíi 48, nígbà tí ìkẹrin wà ní 38; ní ti adìẹ, àwọn krómósómù kéékèèké ni GC wọn ga jù.

Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà krómósómù ṣe àfiwé, nítorí krómósómù 1 adìẹ kì í ṣe ti ènìyàn. Àwọn jíìnì tí méjèèjì jogún láti ọ̀dọ̀ baba ńlá kan náà ni kí ẹ fi wé ara wọn. Ensembl ti tò wọ́n sílẹ̀.

Ìjọra náà kò fi dandan jẹ́ ogún nìkan. Nígbà tí ara bá ń ṣe ẹyin tàbí àtọ̀, tí krómósómù ìyá àti ti bàbá sì ń pààrọ̀ apá kan ara wọn, àtúnṣe DNA máa ń gbè sẹ́yìn G àti C. Nítorí náà, ẹ fi alángbá Anolis ti Amẹ́ríkà kún àfiwé yín: ó bá ẹyẹ tan ju bí ènìyàn ti bá a tan lọ, síbẹ̀ GC inú jínóòmù rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti àgbègbè kan sí èkejì.