Bùbá mélòó, ṣòkòtò mélòó?

Ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi tó ń ránṣọ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ linear programming (ìṣirò bí èrè ṣe lè pọ̀ jù nígbà tí ohun tó wà nílẹ̀ bá níwọ̀n) pẹ̀lú àwọn ọmọ SS3 tí mo ń kọ́ nírọ̀lẹ́. Bí mo bá ti inú ìwé bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti fajúro kí n tó kọ àmì kan. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ wàhálà télọ̀ tí ọdún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀?

Aṣọ yáàdì 36 ló wà nílẹ̀ fún Àǹtí, wákàtí 34 ló sì kù tí wọ́n lè fi rán an. Bùbá ọkùnrin kan á gba yáàdì 3 àti wákàtí 2. Ṣòkòtò kan á gba yáàdì 2 àti wákàtí 3 (ọwọ́ wọn kì í yá sí ṣòkòtò). Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà wọ́n: èrè ₦2,000 lórí bùbá, ₦1,500 lórí ṣòkòtò. Mélòó ni kí wọ́n rán nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí èrè lè pọ̀ jù?

Má tíì fọwọ́ kan rúlà. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé x ni iye bùbá, y ni iye ṣòkòtò. Iye ni o! Ọmọ tó bá kọ "x ni bùbá", mo máa ń ní kó wọ x náà wò. Lẹ́yìn náà, sọ ọ̀rọ̀ di àmì:

3x + 2y ≤ 36 (aṣọ)
2x + 3y ≤ 34 (wákàtí)
x ≥ 0, y ≥ 0

Wọ́n sábà máa ń gbàgbé ìlà tó kẹ́yìn yẹn, bí ẹni pé èèyàn lè rán bùbá tó dín sí òdo.

Ibi tí máàkì ti ń ṣòfò jù nìyí: bí ìbéèrè bá ní "at least", ojú ọmọ á lọ síbi "least", á sì kọ ≤. Kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá lọ́kàn rẹ. "Ó kéré tán 5" túmọ̀ sí 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ≥ ni. "Kò gbọdọ̀ ju 5 lọ" ni ≤.

Ó yá, gíráàfù. Ìlà aṣọ gba (12, 0) àti (0, 18) kọjá. Ti wákàtí gba (17, 0), ṣùgbọ́n tí x bá jẹ́ 0, y á di 11⅓, kò sì sẹ́ni tó lè fi pẹ́ńsù tọ́ka síyẹn dáadáa. Lo (2, 10) dípò rẹ̀.

Èwo ni ẹ̀gbẹ́ tó tọ́? Fi (0, 0) dán an wò: bí Àǹtí ò bá rán nǹkan kan, ṣé aṣọ á tó? Á tó. Ẹ̀gbẹ́ tí òdo wà la fẹ́ nìyẹn. Nígbà tí mo wà ní SS3, òdìkejì ni mo kùn nínú ìdánwò; èrè mi ń pọ̀ sí i ṣáá, kò lópin. Mo tilẹ̀ rò pé mo ti gbà á.

Àyè tó bá gbogbo àmì wọ̀nyẹn mu lẹ́ẹ̀kan náà ni a ń wá, igun mẹ́rin ló máa ní. Èyí tí ìlà méjèèjì ti pàdé, má fojú wò ó, ṣírò rẹ̀: sọ ìlà aṣọ di ìlọ́po mẹ́ta, ó di 9x + 6y = 108; sọ ti wákàtí di ìlọ́po méjì, yọ 4x + 6y = 68 náà kúrò, ó ku 5x = 40. Bùbá 8, ṣòkòtò 6. Èrè: ₦25,000. Bùbá 12 nìkan: ₦24,000. Ṣòkòtò nìkan kò ju ₦17,000 lọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ igun? Gbé rúlà sórí (6, 0) àti (0, 8). Gbogbo ibẹ̀ ni èrè ti jẹ́ ₦12,000. Máa tì í síta díẹ̀díẹ̀, má jẹ́ kó dagun. Ibi tó ti fara kan àyè náà kẹ́yìn ni (8, 6). Ọ̀nà simplex tí George Dantzig gbé jáde ní 1947 láti fi yanjú irú ìṣirò yìí náà, láti igun dé igun ló ń rìn.

Wàyí o, sọ èrè bùbá di ₦2,500, kí o fi ti ṣòkòtò sílẹ̀. (8, 6) á mú ₦29,000 wá, (12, 0) á mú ₦30,000. Àǹtí á pa ṣòkòtò tì, inú wọn á sì dùn. Tó bá jẹ́ ₦2,250 ńkọ́? Ṣírò igun méjèèjì, kí o tún ṣírò (10, 3) mọ́ ọn.