Bí mo ṣe yẹ ìṣirò ìkún òkun wò láti Kàbà

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń wa ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó ló pè mí: ṣé wákàtí tí kọ̀ǹpútà ń dá fún ìkún òkun, bí omi ṣe ń kún tó sì ń fà lójoojúmọ́, ṣeé gbára lé? Kàbà ni mo wà, òkun jìnnà sí wa, àmọ́ bí iná bá ti wà, dátà ò jìnnà.

Yunifásítì Hawaii ń kó ohun tí àwọn ẹ̀rọ ìwọn-omi kárí ayé kọ ní wákàtí-wákàtí síbi kan, ọ̀fẹ́ sì ni. Takoradi ní Ghana ni mo mú, torí etí òkun gbangba ló wà. Mo gba ti ọdún kan, ìlà 8,760. FES2014, mọ́dẹ́ẹ̀lì (ètò ìṣirò ìkún òkun) àwọn ará Faransé, ni mo fi wé e.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn gbé méjèèjì lé ara wọn, wọ́n á ní mọ́dẹ́ẹ̀lì ń parọ́. Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni. Ohunkóhun tó bá gbé omi sókè ni ẹ̀rọ ń kọ, títí kan ojú ọjọ́: bí afẹ́fẹ́ bá fúyẹ́ ní mílíbà kan (mílíbà la fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan), omi á fẹ́rẹ̀ẹ́ ga ní sẹ̀ǹtímítà kan. Iṣẹ́ òṣùpá àti oòrùn nìkan ni mọ́dẹ́ẹ̀lì yìí ń sọ. Nítorí náà, mo fi UTide, ètò tí wọ́n fi èdè kọ̀ǹpútà Python kọ, ṣa iṣẹ́ àwọn méjèèjì jáde nínú ti ẹ̀rọ ná. Ìkún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń fà ní orúkọ tiẹ̀: M2 ti òṣùpá ló lágbára jù, wákàtí 12.42 ló fi ń yípo. S2 ti oòrùn ń lo 12 géérégé. Mo wá fi gíga wé gíga, àsìkò wé àsìkò.

Aago Greenwich ni dátà náà ń lò. Tiwa ní Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú. Bí ẹ bá rí i tí M2 yẹ̀ ní ìwọ̀n 29 nínú 360, tí S2 yẹ̀ ní 30, ẹ má wulẹ̀ bá mọ́dẹ́ẹ̀lì jà, aago ni: ibi tí ìyípo kọ̀ọ̀kan ń dé ní wákàtí kan nìyẹn. Tèmi ò yẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sún mọ́ra dáadáa.

Mo pe ẹ̀gbọ́n padà. "Ẹ gbà á gbọ́ lójú òkun. Nínú ọ̀sà, rárá." Ojú àwọ̀n tí wọ́n fi pín ìṣirò náà fẹ̀ tó kìlómítà 7, ẹnu ọ̀nà omi Èkó ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìkún sì máa ń pẹ́ kó tó wọ inú ọ̀sà, á sì ti dín kù.

"Ká wá ri igi ìwọ̀n mọ́ èbúté wa ńkọ́?"

Mo ní ó dára, kí wọ́n máa kà á ní wákàtí-wákàtí, tọ̀sán tòru, fún ọjọ́ 15 ó kéré tán. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, M2 àti S2 ò ní ṣeé yà sọ́tọ̀.