Bí A Ṣe Lè Fi Kọ̀ǹpútà Sílẹ̀ ní Títàn Láìséwu Nígbà Tí A Kò Sí Nílé

Kọ̀ǹpútà tí ara rẹ̀ dá kì í ṣàdédé gbiná. Àwọn èyí tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń lò láti tọ́jú ìsọfúnni a máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amúlétutù wà níbi tí wọ́n gbé wọn sí, ẹ̀rọ tí ń kígbe bí èéfín bá rú wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ sì ń ṣọ́ wọn. Ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ kò ní irú àbójútó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ohun tí ẹni tó wà nílé ìbá ṣe bí nǹkan bá yíwọ́ ni a gbọ́dọ̀ ti ṣe kí á tó jáde.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ó yẹ kó wà ní títàn rárá. Bí kò bá sí iṣẹ́ kan pàtó tí ó ń ṣe, bíi kí ó máa ṣe ẹ̀dà fáìlì tàbí kí ó máa gba àwòrán kámẹ́rà tó ń ṣọ́ ilé sílẹ̀, ẹ pa á. Kọ̀ǹpútà tó ń fa 60 wáàtì yóò jẹ iná tó 1.44 yúníìtì láàárín wákàtí 24, lórí asán.

Bí ó bá pọn dandan kó wà ní títàn, ooru ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà rẹ̀ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ̀. Láàárín àwọn irin pẹlẹbẹ tí fáànù ń fẹ́ sí, ẹ lè rí eruku tó ti dì bí òwú tí wọ́n fi dí ihò. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n kúrò. Bí ó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ni ẹ fẹ́ fi fẹ́ ẹ, ẹ fi ìka kan di abẹ fáànù mú, kó má baà yí láyìíjù kó sì bàjẹ́. Ẹ má ṣe tú àpótí páwà rẹ̀ o, nítorí iná lè ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà.

Síbẹ̀, kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà ló máa ń bà mí lẹ́rù jù. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà mọ bí a ṣe ń dáàbò bo ara rẹ̀: bí ooru rẹ̀ bá sún mọ́ nǹkan bíi 100°C, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dẹ iṣẹ́ wọn, bí ó bá sì kọjá bẹ́ẹ̀, wọn yóò kú fúnra wọn. Púlọ́ọ̀gì àti extension kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fọwọ́ kan orí púlọ́ọ̀gì kan nílé mi, ó sì gbóná débi pé n kò lè gbé ọwọ́ mi lé e. Nígbà tí mo pa iná ibẹ̀ tí mo fà á yọ, mo rí i pé etí ihò kan ti dúdú, ike ibẹ̀ sì ti ń yọ́, nítorí pé irin inú rẹ̀ ti dẹ̀, kò di ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì mú mọ́. Kọ̀ǹpútà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe ki extension bọ inú extension mìíràn, ẹ má ṣe fi ohun tó ń fa iná púpọ̀ sórí èyí tí kọ̀ǹpútà wà, ẹ sì máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan orí púlọ́ọ̀gì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Orí tábìlì líle ni kó wà, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì tí aṣọ yóò ti dí ojú ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn gbà kí ẹ dá gbígba iná bátìrì dúró sí 80%, èyí tí ó ń mú kí bátìrì pẹ́. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá wú, tàbí tí kò jókòó dáadáa lórí tábìlì mọ́, bátìrì náà ti bàjẹ́. Ẹ má ṣe tàn án sílẹ̀ kí ẹ jáde.

Bí òjò àtàrá bá ń bọ̀, yíyọ wáyà nìkan ló dájú, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń dá iná tó bá ṣàdédé pọ̀ jù dúró (surge protector) kò lè dènà mànàmáná tó bá sán nítòsí. UPS, àpótí bátìrì tó ń fún kọ̀ǹpútà ní iná, wúlò nígbà tí iná bá lọ, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń fúnni. Nítorí náà, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì ṣètò rẹ̀ kó lè pa kọ̀ǹpútà náà kí bátìrì tó tán.

Olè tún wà, ti orí íntánẹ́ẹ̀tì àti ti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń ti fáìlì pa láti fi gba owó, jà ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, Microsoft tó ṣe Windows ti gbé àtúnṣe tó lè dènà rẹ̀ jáde láti oṣù kẹta; àwọn tí kò gba àtúnṣe náà sórí kọ̀ǹpútà wọn ni kòkòrò náà ràn mọ́, láìjẹ́ pé wọ́n tẹ ohunkóhun. Ẹ jẹ́ kí àtúnṣe máa wọlé fúnra rẹ̀, kí ẹ sì ti ojú kọ̀ǹpútà pa pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ rántí pé BitLocker tàbí FileVault, tó ń sọ ohun inú dísìkì di àdììtú, kì í lágbára tó bẹ́ẹ̀ bí olè bá gbé kọ̀ǹpútà lọ ní títàn, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ àdììtú náà ṣì wà nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó rìnrìn àjò ọlọ́jọ́ púpọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ ní títàn fún odindi ọjọ́ kan tí ẹ wà nílé, pẹ̀lú iṣẹ́ gan-an tí yóò máa ṣe. Nírọ̀lẹ́, ẹ fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì, ẹ tẹ́tí sí fáànù, kí ẹ sì gbóòórùn ẹ̀yìn àpótí rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn ike tó ń jóná, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ pa á, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ ní pípa títí ẹ ó fi dé.