Bí A Ṣe Ń Jókòó Gbọ́ Kíláàsì Sẹ́mínárì Kí A Tó Forúkọ Sílẹ̀

Owó fọ́ọ̀mù sẹ́mínárì, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àlùfáà àti pásítọ̀, kì í pọ̀. Ohun tó pọ̀ ni ohun tó tẹ̀lé e: ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, iṣẹ́ tí a fi sílẹ̀, ìyàwó tó ń dá ilé gbé ní Ìkọ̀lé tàbí ní Ọ̀mùò, àti ìjọ tó ti dáwó jọ fún ọmọ wọn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń gba fọ́ọ̀mù láìtíì jókòó nínú kíláàsì kan ṣoṣo rí. Wọ́n á ní Ọlọ́run ti pe àwọn, ó parí. Èmi náà gbà pé Ọlọ́run ń pe èèyàn. Àmọ́ ẹni tí a pè ṣì ní láti mọ ilé ẹ̀kọ́ tó yẹ òun, bóyá dípúlómà ni tàbí dìgírì, bóyá ọdún yìí ni tàbí ọdún tó ń bọ̀. Ìyẹn, ojú la fi ń wò ó.

Ní Èkìtì, ẹ ó gbọ́ tí àwọn àgbà ìjọ ń béèrè pé, “Sẹ́mínárì wo ni Babalọlá lọ?” Òótọ́ ni. Bàbá Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì tí wọ́n sin sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní 1959, katakata tí wọ́n fi ń ṣe títì ló ń wà kí ìpè tó dé bá a ní 1928. Ṣùgbọ́n ìjọ CAC (Christ Apostolic Church) tí iṣẹ́ rẹ̀ bí ti ní sẹ́mínárì tirẹ̀ báyìí, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì tí wọ́n kọ́ sí Ìkejì-Arákejì, níbi tí ìpè ti bá a. Àwọn tó jogún iṣẹ́ bàbá náà kò rí ìjà kankan láàárín ìpè àti ìwé. Ẹ jẹ́ kí a wá sórí bí ẹ ṣe lè tọ́ ìwé náà wò kí ẹ tó sanwó rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń wá

Irú èèyàn méjì ló ń ronú sẹ́mínárì. Ọ̀kan fẹ́ di àlùfáà tàbí pásítọ̀. Èkejì kò fẹ́ wọ kọ́là. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni, tàbí olórí ẹgbẹ́ akọrin, ó kàn fẹ́ mọ Bíbélì jinlẹ̀ ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ọ̀nà wọn kò papọ̀.

Bí ẹ bá jẹ́ èkejì, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló ní sáàtífíkéètì àti dípúlómà tí kò dí iṣẹ́ yín lọ́wọ́, wọ́n sì lè gbà yín láìsí wàhálà púpọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, ìjọ yín ló ni kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà. Láàárín àwọn Áńgílíkà, bíṣọ́ọ̀bù ló ń rán èèyàn lọ. Láàárín ìjọ Àgùdà, fádà páríìṣì yín ló máa fà yín lé àlùfáà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìpè nínú dáyósíìsì lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí àti ti ìsìn sì máa ń tó ọdún méje sí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín àwọn onítẹ̀bọmi, ìjọ yín ní láti kọ lẹ́tà pé àwọn mọ̀ yín, àwọn sì gbà pé a pè yín.

Nítorí náà, ẹ sọ fún olórí ìjọ yín kí ẹ tó lọ wo ilé ẹ̀kọ́ kankan. Kò dára kí Bàbá Fíkà gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé wọ́n rí ọmọ ìjọ òun nínú ọgbà sẹ́mínárì ní Àkúrẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò le: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò tíì fẹ́ gba fọ́ọ̀mù. Mo fẹ́ lọ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà, kí n lè mọ ohun tí mò ń gbàdúrà lé lórí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ sí i.” Mi ò mọ àlùfáà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa bí nínú. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa mú fóònù, tí wọ́n á sì pe ọ̀rẹ́ wọn tó ń kọ́ni níbẹ̀.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ fi ìbéèrè kan kún un: lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà, kí ni ìjọ mi máa fi mí ṣe? Ìjọ Àgùdà àti ìjọ Áńgílíkà ní Nàìjíríà kì í fi obìnrin jẹ àlùfáà. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti ti onítẹ̀bọmi máa ń fi wọ́n jẹ ẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ lè gbà yín wọlé kí ìjọ má sì ní àyè fún yín bí ẹ bá jáde. Ẹ mọ èyí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ti ilé bẹ̀rẹ̀

Kò sí ìdí láti wọ mọ́tò kí ẹ tó gbọ́ bí kíláàsì Bíbélì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ṣe ń rí. Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà gbé odindi kíláàsì méjì sórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kan ni ti Májẹ̀mú Láéláé tí Christine Hayes kọ́, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 24. Èkejì ni ti Májẹ̀mú Tuntun tí Dale Martin kọ́, 26. Ọ̀kọ̀ọ̀kan sún mọ́ wákàtí kan. Ẹ má gbìyànjú láti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ mú méjì, ẹ gbà wọ́n sílẹ̀ lóru bí dátà bá wọ́n jù lọ́sàn-án, kí ẹ jókòó tì wọ́n pẹ̀lú Bíbélì àti ìwé àkọsílẹ̀ bí ẹni tó wà nínú kíláàsì gan-an.

Ẹ ó gbọ́ ohun tó lè dà yín láàmú. Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ń ka Bíbélì gẹ́gẹ́ bí ìwé àtijọ́ tó ní ìtàn bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Wọ́n á sọ fún yín pé ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò gbà pé Mósè nìkan ló kọ ìwé márùn-ún àkọ́kọ́. Yunifásítì ni wọ́n, wọn kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Àmọ́ ìbéèrè yẹn ń bẹ ní sẹ́mínárì náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdáhùn olùkọ́ lè yàtọ̀. Ó sàn kí ẹ bá a pàdé nínú yàrá yín, níbi tí ẹ ti lè dá a dúró kí ẹ gbàdúrà, ju kí ó ká yín mọ́ àárín èrò ní sáà àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ṣe ni ó ń mú kí ẹ fẹ́ kà sí i, ẹ ti rí ohun pàtàkì kan nípa ara yín.

Ẹ yan ibi méjì tí mọ́tò lè gbé yín dé

Ẹ má yan mẹ́fà. Méjì tó. Ará Adó tàbí Ìkẹ́rẹ́ tó jẹ́ Áńgílíkà, Archbishop Vining College of Theology ní Àkúrẹ́ ló sún mọ́ ọn jù. Àárọ̀ ni ẹ lọ, ìrọ̀lẹ́ ni ẹ dé. Immanuel College of Theology wà ní Ìbàdàn, Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì ló jọ ni ín. Sẹ́mínárì àwọn onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti wà láti 1898. Àwọn ECWA ní tiwọn ní Ìgbájà ní ìpínlẹ̀ Kwara, kò sì jìnnà púpọ̀ sí àwọn ará Ọ̀tún àti Ìdó. Ti Àgùdà, ti Peter Mímọ́ àti Paulu Mímọ́, wà ní Bódìjà ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Àgùdà, ìpàdé tí wọ́n ń pè ní Come and See ni ọ̀nà yín. Dáyósíìsì ló ń pè é, níbẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti ń rí bí ìgbé ayé náà ṣe rí.

Ẹ pe ọ́fíìsì rẹ́jísítírà tàbí ti igbákejì pírínsípà, kí ẹ sì kọ lẹ́tà tẹ̀lé e. Ẹ sọ orúkọ yín, ìjọ yín, ẹni tó mọ̀ yín, àti ohun tí ẹ fẹ́ gan-an: láti jókòó gbọ́ kíláàsì méjì tàbí mẹ́ta lọ́jọ́ kan, láìgba máàkì. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn lè ní àwọn kì í gba àlejò sí kíláàsì. Ẹ má bínú. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè wá fún ìsìn àárọ̀ wọn, tàbí fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí gbogbo ayé lè wá gbọ́.

Ọjọ́ tí ẹ máa lọ ṣe pàtàkì púpọ̀. Ẹ má lọ lọ́sẹ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo ọgbà á ti mọ́, aṣọ á dára, ìrẹsì á wà. Ẹ má lọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ ìdánwò pẹ̀lú. Àárín sáà ni kí ẹ lọ, ọjọ́ Tuesday tàbí Wednesday tí ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀, nígbà tí ó ti rẹ olùkọ́ díẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ní iṣẹ́ tí wọn ò tíì fi sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ bá rí lọ́jọ́ yẹn ni ẹ máa gbé nínú rẹ̀.

Kíláàsì tó yẹ kí ẹ jókòó sí

Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí tábìlì àkókò (timetable) wọn. Ẹ mú kíláàsì kan tí ẹ fẹ́ràn, bí ìtàn ìjọ. Lẹ́yìn náà, ẹ mú èyí tí ẹ ń bẹ̀rù. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, èdè Gíríìkì tàbí Hébérù ni.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí kíláàsì Gíríìkì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń mọ̀ bóyá àwọn lè ṣe é. Álífábẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ 24. Láìpẹ́ sí ìgbà tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, olùkọ́ á kọ ọ̀rọ̀-ìṣe kan sójú pátákó, gbogbo kíláàsì á sì máa kà á pọ̀: luō, lueis, luei, luomen, luete, luousi. Wọ́n á tún un kà. Olùkọ́ á fi ìka tọ́ka sí ẹnì kan lẹ́yìn pé kó dá a kà, onítọ̀hún á máa kà á díẹ̀díẹ̀ títí dé ìkẹrin, á dúró, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì máa rọra sọ ìkarùn-ún fún un. Kò sí ìwàásù níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń ké Halelúyà. Iṣẹ́ ọpọlọ lásán ni, lójoojúmọ́, fún oṣù púpọ̀, kí ẹsẹ Bíbélì kan ṣoṣo tó ṣí. Ẹ wo ara yín níbẹ̀. Kì í ṣe bóyá ó yé yín, nítorí kò lè yé yín lọ́jọ́ kan. Ṣé ẹ lè jókòó tì í? Ṣé ohun tó wà lẹ́yìn iṣẹ́ yẹn ń fà yín?

Ẹ̀kẹta ni kíláàsì ìwàásù, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wàásù níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n á sì sọ ojú abẹ níkòó fún un. Kò sí ibi tí ẹ ti lè mọ ọkàn ilé ẹ̀kọ́ bí ibẹ̀. Ẹ gbọ́ bí olùkọ́ ṣe ń tọ́ ẹni tó ṣe àṣìṣe. Bó bá ń dójú tì í, tí àwọn yòókù sì ń rẹ́rìn-ín, ẹ rántí pé ẹ̀yin náà máa dúró níbẹ̀.

Ní ti ìwà nínú kíláàsì, kò sí ohun tuntun: ẹ wọ aṣọ bí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ pa fóònù, ẹ má ká ohùn olùkọ́ sílẹ̀ láìgbàṣẹ, ẹ má bá a jiyàn.

Ẹ má tètè lọ

Abéèrè kì í ṣìnà, àmọ́ ẹni tí a bi ló ń sọ bí ìdáhùn ṣe máa rí. Ọ́fíìsì á fún yín ní iye owó ilé ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì tí ẹ bá jókòó tì lábẹ́ igi ló máa sọ àwọn owó tí kò sí nínú ìwé: owó aṣọ ìsìn, owó iná, owó ọkọ̀ lọ sí ìjọ tí wọ́n pín in sí lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ wọ ilé ìkàwé. Ẹ wò bóyá àwọn èèyàn jókòó níbẹ̀ tàbí eruku ni. Bí ẹ bá ti gbéyàwó, ẹ béèrè ibi tí àwọn onídìílé ń gbé, àti bóyá ètò wà fún àwọn ìyàwó. Ó dára kí ìyàwó yín tilẹ̀ bá yín lọ.

Ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í bi títí ọ̀rọ̀ á fi bọ́ lọ́wọ́: ta ló ń fúnni ní dìgírì náà? Bó bá jẹ́ yunifásítì tí NUC, àjọ ìjọba tó ń rí sí àwọn yunifásítì, mọ̀ ni sẹ́mínárì náà so pọ̀ mọ́, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, ẹ béèrè bóyá JAMB ló máa gbà yín wọlé, kí ẹ sì lọ bi yunifásítì náà fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ sẹ́mínárì nìkan ló ń fúnni, ìjọ yín lè mọyì rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé ó máa mú yín dé àgọ́ NYSC tàbí pé ìjọba máa fi gbà yín síṣẹ́ olùkọ́. Mo ti rí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bà lọ́kàn jẹ́ lẹ́yìn tó ti lo ọdún mẹ́rin, kò sì sí ẹni tó purọ́ fún un. Kò kàn béèrè ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ dé, kí ẹ tó sùn, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Ẹ ṣe ilé ẹ̀kọ́ kejì náà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan sílẹ̀ kí ẹ tó pinnu, kí ẹ sì padà lọ rí olórí ìjọ yín, nítorí ó ń retí àbọ̀.

Bí ẹ bá ní ẹ ó lọ, ẹ tètè béèrè ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù máa kásẹ̀ nílẹ̀, nítorí lẹ́tà ìjọ máa ń pẹ́ jù bí a ṣe rò lọ. Bí iṣẹ́ tàbí ọmọ kò bá jẹ́ kí ẹ lè fi ilé sílẹ̀, ẹ béèrè ẹ̀kọ́ ìsìn tí wọ́n ń pè ní TEE (Theological Education by Extension). Ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà àwọn Presbyterian kan ní Guatemala ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1963 fún àwọn olórí ìjọ tí kò lè kúrò ní oko wọn: ẹ ó máa ka ìwé nílé, ẹ ó sì máa pàdé olùkọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi dáyósíìsì yín tàbí àjọ ìjọ yín bóyá wọ́n ní in, àti ìlú tí wọ́n ti ń pàdé. Ẹ sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ọpẹ́ ránṣẹ́ sí olùkọ́ tó jẹ́ kí ẹ jókòó sí kíláàsì rẹ̀, yálà ẹ ń lọ tàbí ẹ ò lọ.