Bí orúkọ mi ṣe di Ọ̀kẹ́ lórí fóònù àwọn ẹbí

Inú àpò ọlẹ̀ ni mo wà tí wọ́n fi bí mi, ni wọ́n bá sọ mí ní Ọ̀kẹ́. Àmútọ̀runwá ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n “Oke” ni àwọn àǹtí mi máa ń kọ, àwọn ọmọ wọn wá ń pè mí ní Bọ̀dá Òkè. Kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń lò ni kò ní ọ àti ẹ.

Níbi ìkómọ kan, mo gba fóònù wọn. Mo ṣí Settings inú Gboard, ìyẹn kíbọ́ọ̀dù Google tí wọ́n ń lò, mo wọ Dictionary, lẹ́yìn náà Personal dictionary. Mo kọ Ọ̀kẹ́ síbẹ̀, mo fi “okk” sí ibi Shortcut. Ẹ má fi “oke” ṣe é o, torí yóò máa dí wọn lọ́wọ́ bí wọ́n bá fẹ́ kọ òkè. Bí wọ́n bá ti tẹ okk báyìí, Ọ̀kẹ́ yóò yọ lórí kíbọ́ọ̀dù, wọ́n á kàn fọwọ́ kàn án.