Bí èmi àti ìyàwó mi ṣe múra sílẹ̀ de Parkinson

Ọwọ́ ọ̀tún ìyàwó mi nìkan ló ń gbọ̀n nígbà tí dọ́kítà sọ fún wa pé Parkinson ni, tó bá sì ti fi ọwọ́ yẹn di nǹkan mú, kì í gbọ̀n mọ́. A délé, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ìgbà tílẹ̀ ṣú ló tó sọ fún mi pé, "Dádì, ẹ má kó mi jọ bí ẹrù o, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é." Mo ti ń rò ó lọ́kàn bí mo ṣe máa gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀ kó lè sinmi, ọ̀rọ̀ yẹn ló dá mi dúró.

Ó ń bi ara ẹ̀ pé kí lòun jẹ, kí lòun ṣe. Kò ṣe nǹkan kan. Àìsàn yìí ti pẹ́ láyé, 1817 ni dọ́kítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, James Parkinson, ti kọ̀wé lórí ẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ọpọlọ tó ń pèsè nǹkan tí wọ́n ń pè ní dopamine, òun ló ń jẹ́ kí ara ṣe ohun tá a bá ní kó ṣe, àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn ló ń kú díẹ̀díẹ̀, ìgbà tí ọwọ́ bá fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, púpọ̀ nínú wọn ti lọ. Mo wá rántí pé ó ti pẹ́ tí kì í gbóòórùn nǹkan dáadáa mọ́, ó sì máa ń jà lójú oorun, ó tiẹ̀ ti fẹsẹ̀ gbá mi rí, a ò mọ̀ pé ara àmì àìsàn yìí ni. Kò sí oògùn tó lè mú un lọ pátápátá, àmọ́ oògùn kan tó ń jẹ́ levodopa máa ń jẹ́ kí ara rọ̀ dáadáa.

Ìwé kékeré kan ló ń kọ aago tó lo oògùn sí. Tẹ́ ẹ bá ṣí ojú ewé oṣù àkọ́kọ́, lẹ́tà ẹ̀ tóbi, bó ṣe máa ń kọ̀wé sí mi nígbà tá a ṣì ń fẹ́ra. Tó bá di oṣù karùn-ún, ìlà á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, kó tó dé ìparí, lẹ́tà á ti kéré bí èèrà, àìsàn yìí ló ń fà á. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì mo ń wo ìwé yẹn, mo ní ọ̀rọ̀ báǹkì àti lọ́yà ò gbọ́dọ̀ di ọ̀la.

Lọ́yà ní kí n bọ́ síta ná, kí ìyàwó mi fẹnu ara ẹ̀ ṣàlàyé ohun tó fẹ́. Ó dùn mí díẹ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n òótọ́ ló ṣe. Ẹni tó máa fúnni láṣẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń fọwọ́ sí, àìsàn yìí sì máa ń dé ìrònú àwọn kan tó bá yá, torí náà ẹ má fi falẹ̀, mo bẹ̀ yín. A ṣe ìwé pé kí n máa ṣojú ẹ̀ lórí owó, òmíràn lórí ìtọ́jú ara ẹ̀, a ṣe wíìlì, ìwé bí wọ́n ṣe máa pín ogún ẹ̀. Èmi náà ṣe tèmi lọ́jọ́ kan náà, àbí ta ló sọ pé èmi ni màá gbẹ̀yìn? Ó tún ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò fẹ́ kí ọmọ wa ọkùnrin wẹ òun láé. Èmi fúnra mi ò ní ronú kan ìyẹn.

Ohùn ẹ̀ ti ń lọlẹ̀, la bá ń gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, ó ń pe àwọn ọmọ lórúkọ bó ṣe máa ń pè wọ́n, ó ń pa àlọ́ fún àwọn ọmọ-ọmọ tí ò tíì mọ̀rọ̀ sọ.

Nínú ilé, a ká àwọn kápẹ́ẹ̀tì kéékèèké kúrò, a fi irin ìdìmú sí balùwẹ̀, iná ń tàn láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìgbẹ́. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ẹnu ọ̀nà yàrá. Tó bá dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ á kàn lẹ̀ mọ́lẹ̀, èmi á máa fà á lọ́wọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń ṣe físíò fún un ní kí n má fà á mọ́, kí n lẹ tẹ́ẹ̀pù sílẹ̀ ní ìlà-ìlà, kó máa gbẹ́sẹ̀ kọjá ìlà. Mo lẹ̀ ẹ́. Ó wo ìlà, ó gbẹ́sẹ̀, ó sì kọjá bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ rí.

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe ni pé mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n dá a dúró lọ́sibítù fún nǹkan míì, wọ́n ń fún un lóògùn nígbà tó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́, levodopa pẹ́ ju wákàtí mẹ́ta lọ, nígbà tí mo dé, kò lè yí ara ẹ̀ padà, omijé ń dà lójú ẹ̀. Látìgbà yẹn, bébà kan wà nínú báàgì ẹ̀: aago oògùn kọ̀ọ̀kan, pé kí wọ́n má dá oògùn náà dúró lójijì, pé ìṣẹ́jú 30 kó tó jẹun ni kó lò ó torí ẹran, ẹyin àti wàrà máa ń dí i lọ́wọ́, pé tó bá ń bì kí wọ́n má fún un ní oògùn èébì tó ń jẹ́ metoclopramide, kí wọ́n má sì fún un ní haloperidol, oògùn tí wọ́n fi ń mú ẹni tí orí ẹ̀ dàrú balẹ̀, torí àwọn yẹn ń dènà dopamine tá a ń wá.

Àbúrò ẹ̀ obìnrin ló ń bá wa wà ní gbogbo Sátidé kí n lè sùn. Ojú tì mí kí n tó sọ pé ó rẹ̀ mí, ìyàwó mi ló bá mi sọ ọ́.

Ìwé kékeré tó ń kọ aago oògùn sí yẹn ṣì wà, ojú ewé ti ń tán, èmi ni mò ń kọ ọ́ báyìí, òun ń sọ ọ́ fún mi. Láàárọ̀ yìí, ó ní, "Aago 7 ni mo lò ó, Dádì, ẹ kọ ọ́ kó tóbi."